Mo fẹ́ máa jẹ ohun ọ̀gbìn tí iná kò kàn nìkan: kí ni kí n mójú tó, báwo ni mo sì ṣe lè pèsè rẹ̀ kí ó tẹ́ni lọ́rùn?

Olùfẹ́-Ewé béèrè pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níbí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti jáwọ́ nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà, ìpinnu náà sì bá mi lára mu. Ohun tó wà lọ́kàn mi báyìí ni pé kí n tẹ̀ síwájú, kí gbogbo ohun tí mo bá ń jẹ jẹ́ ohun ọ̀gbìn tí iná kò kàn: èso, ewébẹ̀, ẹ̀pà àti oríṣiríṣi kóró, pẹ̀lú ọkà àti ẹ̀wà tí a rẹ sínú omi títí tí wọ́n fi hù. Mo ti kà á pé àwọn tó ń tọ ọ̀nà yìí kì í jẹ́ kí oúnjẹ wọn gbóná ju nǹkan bí 40 sí 48°C lọ, àti pé ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ooru tó bá ju ìyẹn lọ ń pa àwọn ẹ́ńsáìmù inú oúnjẹ, èyí tí wọ́n ní ó ń bá ikùn wa ṣiṣẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́ lórí ohun mẹ́ta. Èkíní, ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù yìí? Èkejì, kí ni ara mi lè ṣaláìní bí mo bá ń jẹ báyìí fún ìgbà pípẹ́? Ẹ̀kẹta, báwo ni ẹ ṣe ń pèsè oúnjẹ yín? Títí di ìsinsìnyí, ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe kò ju kí n rẹ́ ewébẹ̀ sínú àwo kí n sì fún omi ọsàn sí i lórí, ebi a sì tún máa pa mí kí oòrùn tó yí. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ ìdáhùn tí yóò kàn dáyà fò mí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì fẹ́ ìyìn lásán. Ọ̀rọ̀ tó ní ìdí ni mo ń wá.

Aṣètọ́jú-Oúnjẹ fèsì pé:

Ẹ kú ìbéèrè o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba àwọn aláìsàn níyànjú nípa ohun tí wọ́n ń jẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gba ìṣọ́ra jù lọ, ibẹ̀ kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú iná rárá. Fítámì B12 ni mò ń sọ. Kò sí ewé, èso tàbí kóró kan tí a lè gbára lé fún un, nítorí pé àwọn bakitéríà ló ń ṣe é, inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni àwa èèyàn sì ti ń rí i. Nǹkan bíi máíkírógírámù 2.4 péré ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́, síbẹ̀ bí kò bá sí, ara kò ní lè ṣe ẹ̀jẹ̀ bó ti yẹ, àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára kiri ara yóò sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni pé ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú èyí tí ara lè lò fún ọdún mélòó kan pamọ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ti fi ẹran àti wàrà sílẹ̀ lè wà pẹ̀lú okun àti ìlera fún ìgbà pípẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Ẹ̀yin fúnra yín ti sọ pé ó ti tó ọdún mélòó kan, nítorí náà àsìkò yìí gan-an ló yẹ kí ẹ ṣàyẹ̀wò, kì í ṣe ìgbà tí àmì àìsàn bá yọ.

Ewé tútù tún lè bo àìtó yìí mọ́lẹ̀. Èròjà tí wọ́n ń pè ní folate pọ̀ nínú ewé, bí folate bá sì pọ̀ nínú ara, ẹ̀jẹ̀ lè dà bí èyí tó pé nígbà tí iṣan ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Àwọn kan yóò sì sọ fún yín pé ohun omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní spirulina ní B12. Ohun tó wà nínú rẹ̀ jọ B12, ṣùgbọ́n ara èèyàn kò lè lò ó. Ẹgbẹ́ The Vegan Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1944 tí ẹnikẹ́ni kò sì lè fẹ̀sùn kàn pé wọn kò fẹ́ oúnjẹ ewéko, gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn níyànjú pé kí wọ́n máa lo ó kéré tán máíkírógírámù 10 lójúmọ́, tàbí 2,000 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí àwọn iye wọ̀nyí bá dà bí èyí tó pọ̀ ju 2.4 lọ, ìdí rẹ̀ ni pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìfun lè gbà dáadáa lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú èyí tó bá ṣẹ́ kù, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ń wọlé.

Lórí ẹ́ńsáìmù, ọ̀rọ̀ náà kò rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Òótọ́ ni pé ooru ń ba ẹ́ńsáìmù jẹ́. Ṣùgbọ́n irú èròjà amáradàgbà kan ni ẹ́ńsáìmù, omi kíkan inú ikùn sì ń tú ọ̀pọ̀ nínú wọn palẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tú èròjà amáradàgbà yòókù. Èyí tí ewéko ní, iṣẹ́ ewéko fúnra rẹ̀ ló wà fún. Èyí tí àwa fi ń lọ oúnjẹ, ẹ̀yà ara wa ló ń ṣe é. Èyí kò sọ oúnjẹ tútù di ohun tí kò níláárí, nítorí ìdí tó lágbára jù èyí lọ wà tó fi dára: fítámì C ń dín kù bí a bá se ewébẹ̀, àwọn èròjà mìíràn a sì bá omi tí a dà nù lọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbé ìpinnu yín lé orí ìdí tí yóò dúró.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí ebi tó ń pa yín, torí pé àìtó okun ni ìṣòro kejì tí mo máa ń rí. Gírámù 100 kùkúmbà ní nǹkan bíi kálórì 15. Bí ìwọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ bá jẹ́ bákan náà, ó ní nǹkan bí 90. Píà ní 160. Kóró álímọ́ńdì sì sún mọ́ 580. Ẹni tó nílò 2,000 lójúmọ́, tó sì fẹ́ rí i nínú kùkúmbà, yóò jẹ ju kìlógírámù 13 lọ. Ikùn yín ti kún, ṣùgbọ́n ara yín kò tíì jẹun. Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Giessen ní orílẹ̀-èdè Jámánì tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn èèyàn tó lé ní 500 tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ àìsè fún ìgbà pípẹ́. Bí oúnjẹ àìsè ṣe ń pọ̀ sí i nínú ohun tí wọ́n ń jẹ ni ara wọn ń rù sí i, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá àwọn obìnrin tí kò tíì pé ẹni ọdún 45 ni nǹkan oṣù wọn sì ti di ségesège tàbí tó ti dúró pátápátá. Bí ẹ bá jẹ́ obìnrin, ẹ má ṣe gbà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ara ló ń fọ ìdọ̀tí rẹ̀ nù ni nǹkan oṣù fi dúró. Ara ló ń sọ pé oúnjẹ kò tó.

Kì í ṣe pé gbogbo àbájáde wọn ló burú. Ní ọdún 2005, nínú ìwádìí mìíràn tí àwọn kan lára wọn ṣe lórí àwọn tó ń jẹ oúnjẹ àìsè, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ kéré lára àwọn èèyàn náà, èyí tó jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún ọkàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tó ń dáàbò bo òpó ẹ̀jẹ̀ náà kéré, B12 kò sì tó lára èèyàn tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta wọn.

Àwọn yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èròjà irin inú ewéko kì í tètè wọ ara, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ ọsàn tàbí tòmátì tútù pẹ̀lú rẹ̀, fítámì C yóò ràn án lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí tíì àti kọfí jìnnà sí àkókò oúnjẹ, torí wọ́n ń dí i lọ́nà. Ní ti kálísíọ́mù, ẹ má ṣe fi ọkàn tán spinach: kálísíọ́mù wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èròjà kan tí à ń pè ní oxalate dì í mú débi pé díẹ̀ kíún ni ara ń rí gbà. Kale àti kábéèjì sàn jù ú lọ fíìfíì. Ẹni tí òkúta ti yọ rí nínú kíndìnrín rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa mu omi ewé spinach ní ife ńlá lójoojúmọ́. Bákan náà, ẹni tó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó sọ ewé jíjẹ di púpọ̀ lójijì, torí fítámì K inú ewé ń dín agbára oògùn náà kù. Áyódìn wà nínú iyọ̀ tí wọ́n fi í sí. Ẹni tó bá sá fún irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ pátápátá gbọ́dọ̀ wá a níbòmíràn, nítorí máíkírógírámù 150 ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́.

Alásè-Láìdáná fèsì pé:

Ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti la ọ̀nà. Èmi ń pèsè irú oúnjẹ yìí fún àwọn èèyàn, nítorí náà ìbéèrè yín kẹta ni mo mú.

Ohun tí àwo yín ń ṣaláìní kì í ṣe ewé, ọ̀rá ni. Ewébẹ̀ tí a rẹ́, tí a sì fún ọsàn sí, kò ní ohun tí yóò mú un pẹ́ nínú. Ẹ fi píà kan gún un, tàbí kí ẹ lọ kóró yàmọ̀tí, ẹ̀pà tàbí álímọ́ńdì kúnná pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́, áyù díẹ̀, iyọ̀ àti omi títí yóò fi rí bí ọbẹ̀ tó ki, kí ẹ wá dà á sórí ewé náà. Yàtọ̀ sí pé ebi kò ní tètè pa yín, àwọn èròjà kan wà nínú kárọ́ọ̀tì àti ewé tí ara kò lè gbà bí kò bá sí ọ̀rá níbẹ̀.

Ewé líle bíi kale kò ṣeé jẹ bó ṣe wà. Ẹ yọ igi àárín rẹ̀, ẹ ya á wẹ́wẹ́, ẹ wọ́n iyọ̀ díẹ̀ àti omi ọsàn kíkan sí i, kí ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì pò ó mọ́ra bí ìgbà tí èèyàn ń fọ aṣọ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ yóò dú sí i, ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì. Iyọ̀ àti omi kíkan ló ń ṣe iṣẹ́ tí iná ì bá ṣe. Bákan náà ni ẹ lè ṣe sí kábéèjì tí a rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí kábéèjì náà kan, kí ó sì pẹ́ nílé, ẹ wọ́n gírámù 20 iyọ̀ fún kìlógírámù kan, ẹ pò ó títí omi rẹ̀ yóò fi jáde, ẹ kì í sínú ìgò mímọ́ kí omi náà bò ó mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi í síbi tí oòrùn kò dé fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Èyí tó bá yọrí sókè kúrò nínú omi ló máa ń bu, nítorí náà ẹ fi ohun tó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Fún wàrà ewéko, ẹ rẹ ife álímọ́ńdì kan sínú omi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ lọ kóró náà pẹ̀lú ife omi mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Inú fíríìjì ni kó wà, ẹ má sì jẹ́ kó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ìyàngbò rẹ̀ kì í ṣe ohun dídà nù: ẹ pò ó mọ́ dàbínù tí ẹ ti yọ kóró rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ, ẹ kó èso tí ẹ rẹ́ lé e lórí, ẹ ti ní ìpápánu tó kún fún okun. Bí ẹ bá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n dáadáa sí wẹ́wẹ́, tí ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ amúǹkandìyìnyín mọ́jú, tí ẹ sì lọ ọ́ láìfi omi sí i, yóò dán, yóò sì ki bí ìpara. Ẹni tí kò rí i nígbà tí ẹ ń ṣe é yóò rò pé wàrà wà nínú rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ àárọ̀, dókítà kan wà ní ìlú Zürich ní ilẹ̀ Switzerland, Max Bircher-Benner, tó ń fi oúnjẹ tútù tọ́jú àwọn aláìsàn rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1900. Òun ló mú kí àwo óòtù tí a rẹ mọ́jú di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Èso ápù ló pọ̀ jù nínú ti rẹ̀, tó rin í pẹ̀lú èèpo rẹ̀, óòtù tí kò ju ṣíbí kan lọ, omi lẹ́mọ́ọ̀nù, kóró tí a gún, àti wàrà dídì díẹ̀. Ẹ fi wàrà álímọ́ńdì rọ́pò wàrà dídì náà. Ọ̀nà rẹ̀ yìí, tí èso fi pọ̀ ju óòtù lọ, dára ju èyí tí wọ́n ń tà nínú páálí lónìí lọ lójú tèmi.

Mo rọ̀ yín pé kí ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ooru yìí há ara yín mọ́. Ọ̀pọ̀ óòtù ni wọ́n ti fi ooru omi kàn ní ilé iṣẹ́ kó tó dé ọwọ́ yín, kóró kajú tí wọ́n ń pè ní tútù náà sì ti rí ooru, nítorí pé oje èèpo rẹ̀ ń bó ni lára, ó sì ṣòro láti yọ ọ́ láìlo ooru. Àwọn tó ń pe ara wọn ní olùtọ́jú òfin yìí pàápàá ń jẹ ẹ́.

Olùfẹ́-Ewé dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Mo ti ra òògùn B12. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà àti èéhù ló kù tí kò yé mi. Ṣé irú ẹ̀wà yòówù ni mo lè rẹ títí yóò fi hù kí n sì jẹ ẹ́ ní tútù? Àti pé àyẹ̀wò wo gan-an ni kí n ní kí wọ́n ṣe fún mi?

Alásè-Láìdáná fèsì pé:

Rárá o, kì í ṣe irú yòówù. Ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín ní májèlé kan tí ń jẹ́ phytohaemagglutinin. Hóró mẹ́rin tàbí márùn-ún rẹ̀ ní tútù ti tó láti mú kí èèyàn máa bì kí inú sì máa ṣí i láàárín wákàtí díẹ̀. Rírẹ nìkan kò lè mú un kúrò, ooru wọ́ọ́rọ́wọ́ kò sì ràn án. Ó gbọ́dọ̀ rẹ nínú omi fún ó kéré tán wákàtí márùn-ún, kí a da omi náà nù, kí a sì jẹ́ kí ó hó gidi nínú omi mìíràn, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a tó wá sè é títí yóò fi rọ̀. Ẹ̀gẹ́ tútù náà kò sí nínú ohun tí a ń jẹ láìsè, nítorí sáyánáìdì tó ń jáde láti inú rẹ̀. Ànàmọ́ òyìnbó (Irish potato) tí ara rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé, ẹ jù ú nù.

Èyí tó rọrùn láti hù, tó sì ṣeé jẹ, ni ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní mung àti lentil. Ẹ rẹ wọn mọ́jú, ẹ sẹ́ omi rẹ̀, ẹ fi aṣọ fífẹ́lẹ́ bo ẹnu ìgò, kí ẹ dojú ìgò náà dé ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí omi lè máa ro, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣàn wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta ẹ óò rí ìrù funfun lára wọn. Híhù yìí ń dín èròjà tí ń di irin àti síńkì mú kù, ìyẹn sì ni èrè rẹ̀ tó ga jù.

Ṣùgbọ́n ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì ní ọ̀rinrin fún híhù ẹ̀wà, ni kòkòrò àrùn náà fẹ́ràn. Ní ọdún 2011, èéhù hóró fenugreek ló gbé kòkòrò E. coli O104:H4 wọ inú oúnjẹ ní Jámánì. Ó lé ní 3,800 èèyàn tó ṣàìsàn níbẹ̀, àwọn tó lé ní 50 sì kú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kòkòrò náà ti wà lára hóró kí ẹ tó rà á, nítorí náà bó ti wù kí ilé ìdáná yín mọ́ tó, ewu díẹ̀ ṣì kù. Lójú tèmi, fífi omi tó ń hó bọ èéhù fún ìgbà díẹ̀ kò ba ìgbádùn rẹ̀ jẹ́. Aboyún, àgbàlagbà àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ láìsè rárá. Bí ẹ bá ń jẹ ẹ́ ní tútù, èyí tó bá ti ń rùn tàbí tó ti ń yọ̀, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́ kí ẹ tún jẹ ẹ́. Ẹ má sì fi áyù tútù pamọ́ sínú òróró ní ibi tí kò tutù, nítorí kòkòrò tí ń fa àrùn botulism ń hù níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé.

Ọ̀jẹ̀wé fèsì pé:

Mo ti ka ohun tí gbogbo yín kọ, n kò sì rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti bi olùbéèrè wa léèrè ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ gbogbo rẹ̀ pátá. Ohun ọ̀gbìn nìkan lèmi náà ń jẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ tútù, ṣùgbọ́n mo ń se ẹ̀wà mi. Iná kì í kàn ń ba nǹkan jẹ́. Lycopene tó mú kí tòmátì pupa máa ń rọrùn fún ara láti gbà bí a bá sè é, torí ooru ń tú u sílẹ̀ kúrò nínú ògiri àwọn sẹ́ẹ̀lì tó dì í mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni èròjà aláwọ̀ ọsàn inú kárọ́ọ̀tì. Fítámì C tòmátì yẹn kan náà ń dín kù bí a ti ń sè é. Ẹni tó bá jẹ tòmátì tútù lónìí, tó sì jẹ sísè lọ́la, kò pàdánù ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ̀wà tí a sè dáadáa sì jẹ́ èyí tí àwọn tó ń jẹ tútù nìkan ń pàdánù ní ti èròjà amáradàgbà, irin àti okun, èyí gan-an sì ni àwọn nǹkan tí ẹ̀yin ń wá ọ̀nà láti fi kún un láti òkè wá. Mo bọ̀wọ̀ fún ìpinnu ẹni tó bá yan èyí tó le, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbà pé ìfẹ́ ọkàn ló yàn án, kì í ṣe pé ara nílò rẹ̀.

Ìyá-Ọmọ-Méjì béèrè pé:

Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo fi ọ̀rọ̀ tèmi bọ̀ ọ́. Mo ń fún àbíkẹ́yìn mi lọ́mú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ṣé gbogbo ilé wa lè jọ máa jẹ irú oúnjẹ yìí?

Aṣètọ́jú-Oúnjẹ fèsì pé:

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi ni rárá. Ikùn ọmọ ọdún mẹ́rin kéré, okun tó sì nílò pọ̀. Oúnjẹ tútù tó gba àyè tí kò sì ní okun nínú yóò mú kí ó yó kí ó tó rí èyí tí yóò fi dàgbà. Ti ọmọ ọwọ́ tilẹ̀ léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí B12 kò bá tó lára ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, kò ní tó nínú ọmú náà, ọmọ ọwọ́ kò sì ní èyí tó pọ̀ nípamọ́ bíi ti àgbàlagbà. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń fara gbá a, àwọn ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ kì í sì í fi gbogbo ìgbà padà bọ̀ sípò. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ti ń jẹ ohun ọ̀gbìn nìkan báyìí, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo B12, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń tọ́jú ọmọ náà pé bí ẹ ṣe ń jẹun nìyẹn. Oúnjẹ ewéko tí a sè, tí a ṣètò rẹ̀ dáadáa, tí B12 sì wà pẹ̀lú rẹ̀, ṣeé fi tọ́ ọmọ lábẹ́ àbójútó onímọ̀. Èso àti ewé tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe wọ́n ní ibi.

Mo padà sọ́dọ̀ olùbéèrè wa lórí àyẹ̀wò. Ẹ ní kí wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n wo iye B12, ferritin tó ń fi irin tó wà nípamọ́ hàn, àti fítámì D. Bí iye B12 bá wà ní ibi tí kò ṣe tààrà, tí kò kéré púpọ̀ tí kò sì pọ̀, ẹ má ṣe fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò methylmalonic acid, nítorí ó máa ń ga sókè nígbà tí B12 kò bá tó fún iṣẹ́ tí ara ń fi í ṣe. Níwọ̀n bí ẹ ti ra òògùn náà, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún wọn, torí iye inú ẹ̀jẹ̀ a máa gòkè kíákíá lẹ́yìn tí èèyàn bá ti ń lò ó, dókítà sì lè rò pé kò sí àìtó kankan tẹ́lẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ fún ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó lo àkọ́kọ́. Irú èyí tí wọ́n kọ cyanocobalamin sí lára dára tó, kì í tètè bàjẹ́ nínú ìgò, ẹ sì lè lò ó kí ẹ tó jẹun tàbí lẹ́yìn rẹ̀.